Òmìnira ẹnu, ta ló wà fún?

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé "ìjọba àwaarawa la wà, kálukú ló lẹ́nu ẹ̀", ká jọ fà á ni o.

Nínú dánfó tó ń lọ sí Ìkòròdú lánàá, ìyá kan tó gbé igbá irú lé itan béèrè ṣéńjì ẹ̀. Kọ̀ńdọ́ bá dà á bo èébú. Kì í ṣe "olórí burúkú" tó ti mọ́ wa létí ní gáréèjì o. Abẹ́ ìyá tó bí ìyá yìí ló ń dárúkọ, tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀. Ọmọ kékeré kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù jókòó sáàárín wọn, ó tẹjú mọ́ kọ̀ńdọ́ lẹ́nu. Ìyá ò fèsì. Ọ̀rá tó fi bo irú ẹ̀ ló ń tún ṣe, tó tún ń tún un ṣe. Mo ní kí kọ̀ńdọ́ panu mọ́, arákùnrin onítáì kan lẹ́yìn ló dá mi lóhùn pé òfin fún un láyè.

Òfin wo? Abala 39 ìwé òfin 1999 ní ká sọ èrò wa, mo fara mọ́ ọn. Abala 45 ní ìjọba lè fààlà sí i nítorí ìwà tó yẹ láwùjọ àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Etí ta wá ni ààlà yẹn ń gbà sílẹ̀? Lọ́dún 2022, ọmọ yunifásítì kan ní Dutse kọ ọ́ sórí Twitter pé ìyàwó ààrẹ ti fowó mẹ̀kúnnù sanra. Wọ́n wá a kàn, wọ́n gbé e lọ Àbújá, ó dèrò ẹ̀wọ̀n. Òfin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì wà nílẹ̀ tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà dẹ́rù ba ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ àrífín. Ó dìgbà tí ilé-ẹjọ́ ECOWAS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bá ìjọba wí lórí òfin yẹn kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2024.

Ìyá oníirú ò ní ẹni tó máa rán ọlọ́pàá fún un.

Bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n mú kọ̀ńdọ́. Owó ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá tún lágbára lórí èébú, àwọn tó ń ké "Sọ̀rọ̀ sókè" níbi ìwọ́de ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó. Àwọn àgbà inú ọkọ̀ ló yẹ kó bá a wí, àmọ́ ojú fèrèsé ni gbogbo wọn ń wò. Ta wá ni ká fẹjọ́ ẹ̀ sùn? Ẹ dá sí i, torí kò yé mi mọ́.