Ìbínú Ọlọ́jọ́ Mẹ́fà

Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù: ogun lẹ́nu, tíì lọ́wọ́! Káńsù àdúgbò wa ló fẹ́ máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá páàkì mọ́tò síwájú ilé ara rẹ̀. Ni ìwé ìròyìn bá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé gbogbo àwa ará àdúgbò ti wà "up in arms".

Ìyá ìyàwó mi ti wá láti Abẹ́òkúta nígbà náà, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ. Wọ́n ní kí ọmọ mi àgbà, tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ka ìròyìn náà sí àwọn létí. Ọmọ ronú títí, ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n ní gbogbo street wa ti gbé ìbọn."

Kí n tó sọ̀kalẹ̀ láti òkè, màmá ti wọ́ àga dí ilẹ̀kùn, wọ́n ti pọn ìkókó, wọ́n gbá àpò gàrí mọ́yà. "Ṣebí mo ní kí ẹ máa bọ̀ nílé?" Mo ní, "Màmá, kò síbọn níbì kankan. Inú ló ń bí wọn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn." Wọ́n yọjú lójú fèrèsé. Baba ilé kejì ń fa ajá rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó juwọ́ sí wọn.

"Èyí náà ń bínú?"

"Òun gan-an lalága àwọn tó ń bínú, mà."

Mo wá jókòó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣèwọ́de níbí, òfin ọdún 1986 ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọlọ́pàá, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú: ọjọ́ wo, aago mélòó, ọ̀nà wo, àti orúkọ ẹni tó ṣètò rẹ̀. Màmá ní, "Ọjọ́ mẹ́fà? Ìbínú ọ̀hún kò ní í ti rọ̀?" Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn lè fọwọ́ síwèé ẹ̀hónú lórí ìkànnì ilé aṣòfin ní íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá pé 10,000 èèyàn, ìjọba á fèsì. Bó bá pé 100,000, ilé aṣòfin lè jíròrò rẹ̀. Ẹ gbọ́ "lè" yẹn dáadáa o.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀jà. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1990, owó orí tí Thatcher, olórí ìjọba wọn nígbà náà, gbé kalẹ̀ mú kí iná sọ ní Trafalgar Square, ọdún náà ò sì parí kí ìyá náà tó fipò sílẹ̀. Bí màmá ṣe gbọ́ "owó orí", ojú wọn là. "Òun náà làwọn ìyá wa torí ẹ̀ tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sáàfin Aláké ní 1947! Ìjọba ò fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n ní píkíníìkì làwọn ń lọ. Orin ni wọ́n fi bá Kábíyèsí jà. Nígbà tó di 1949, Kábíyèsí gbéra!" (Kábíyèsí padà dé ní 1950, àmọ́ màmá kì í rọ́ ibẹ̀.)

Lálẹ́ ìpàdé tí àwa ará àdúgbò pè lórí owó páàkì náà, màmá ní dandan, àwọn á bá mi lọ. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, bísíkíìtì nínú abọ́, kálukú ń nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó kan dìde, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ òun nínú. Gbogbo ilé kùn "hùn-ún". Màmá fi ìgúnpá tọ́ mi: "Ṣé ìjà ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ní ó tilẹ̀ ti gbóná.

Ni màmá bá tú gèlè, wọ́n fi gbàjá, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó dorin! Orin àwọn ìyá Ẹ̀gbá, èyí tí kò bọ̀wọ̀ fún baba ẹnikẹ́ni. Alága ní sùúrù kí wọ́n parí, ó dúpẹ́ gidigidi, ó wá bẹ̀ wọ́n pé lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́kọ́ nawọ́. Akọ̀wé ní tiẹ̀ mú bíírò, ó tọ̀ mí wá, ó ní kí n bá òun túmọ̀ ẹsẹ kejì kóun lè kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹsẹ kejì, níbi tí orin ti dé abẹ́ ṣòkòtò Kábíyèsí!