Irọ́ ni pé fíìmù tó dára kì í sọnù

Ẹ dárúkọ fíìmù kan tí kò gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn sinimá, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé: “Ká ní ó dára ni, à bá ti gbọ́ nípa rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, torí a ti gbà pé ọjà tó dára ló ń polówó ara rẹ̀. Fíìmù ò lè polówó ara rẹ̀ ní tiẹ̀. Kí èmi tàbí ẹ̀yin tó rí i wò, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbìkan, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìjọba ò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ náwó lé e lórí. Bí ọ̀kan péré bá yẹ̀ nínú wọn, ó parí, ì báà dùn ju oyin lọ.

Ẹ wo Shatranj-e Baad tí Mohammad Reza Aslani ṣe ní Ìránì. Ìtàn ìjà ogún ni. Ìyá ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò lè rìn wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nínú ilé ńlá kan, ọkọ ìyá rẹ̀ sì ti tẹ́nu bọ dúkìá náà. Iná àbẹ́là ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìran inú rẹ̀, débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fojú wá ẹni tó fara pamọ́ sínú òkùnkùn yàrá. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde níbi àjọ̀dún fíìmù Tehran lọ́dún 1976, wọn ò fi í hàn bó ṣe yẹ rárá, àwọn aṣelámèyítọ́ sì fi ẹnu gbá a lọ. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ìjọba fi yí padà, àwọn aláṣẹ tuntun fòfin dè é, nẹ́gátíìfù rẹ̀, ìyẹn ojúlówó fíìmù tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ẹ̀dà, sì di àwátì. Ohun tó kù kò ju ẹ̀dà fídíò tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú lọ. Ọdún 2014 ni ọmọkùnrin Aslani rí àwọn agolo fíìmù bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́ ní Tehran. Wọ́n gbé e lọ sí Paris, wọ́n tún un ṣe, ó di 2020 kí aráyé tó rí ohun tí ọkùnrin náà ṣe gan-an.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, kí ni ẹni tó ní kò dára rí wò? Ìran tí wọ́n bà jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni. Kò sì sẹ́ni tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un, torí ẹ̀rí ti sọnù.

Bí ti Wake in Fright, fíìmù Ọsirélíà, náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n fi í hàn ní Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá ní Faransé, lọ́dún 1971 pẹ̀lú iyì. Lẹ́yìn náà, ó pòórá. Anthony Buckley tó jẹ́ olótùú rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá nẹ́gátíìfù rẹ̀ kiri, ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ló ti rí i, nínú àpótí tí wọ́n kọ sí lára pé kí wọ́n lọ run ún. Fíìmù Ọsirélíà! Lọ́dún 2009, Cannes tún gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti owó ló tún burú jù lójú tèmi, torí níbẹ̀, fíìmù ò sọnù rárá, wọ́n kàn tì í mọ́lé ni. Charles Burnett fi owó tí kò tó 10,000 dọ́là ṣe Killer of Sheep nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Los Angeles, ó sì parí rẹ̀ ní 1977. Orin àwọn olórin ńlá kún inú rẹ̀, kò sì sí owó tí wọ́n lè fi gba àṣẹ lórí wọn. Lọ́dún 1990, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ pa mọ́, síbẹ̀ ilé sinimá kò gbé e jáde fún gbogbo èèyàn títí di 2007. Orin nìkan gba 150,000 dọ́là. El Topo ti Alejandro Jodorowsky ńkọ́? Èrò ń wọ́ lọ wò ó lóru ọ̀gànjọ́ ní New York láti òpin ọdún 1970. Nígbà tó yá, Jodorowsky àti Allen Klein tó ni ẹ̀tọ́ fíìmù náà jà, ó sì tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó parí ìjà ní 2004. Àwọn èèyàn fẹ́ràn fíìmù yẹn o, ìfẹ́ wọn ò ṣílẹ̀kùn.

Ta tiẹ̀ ni “a” nínú “à bá ti gbọ́ nípa rẹ̀” yẹn? Hausu, fíìmù ilé abàmì tí Nobuhiko Obayashi ṣe, pa owó wọlé ní Japan lọ́dún 1977. Ó tó ọgbọ̀n ọdún ó lé kí ilé sinimá Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri, àwọn kan wá ń pè é ní fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn ará Japan kì í ṣe ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Mi ò sọ pé gbogbo fíìmù tó fara sin ló dára. Ìdọ̀tí pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn á sì mú yín sùn kí ìṣẹ́jú ogún tó pé. Ẹni tó ń yin fíìmù torí pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n náà ń ṣi òkìkí lò, bíi ti ẹni tó kọ̀ ọ́ torí pé kò gbajúmọ̀.

Àwọn tó ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti kó gbogbo rẹ̀ tán, ẹ sọ fún wọn pé àwọn fíìmù kan wà tó jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí kò dé orí DVD rí. Èyí tó sì wà lórí ìkànnì lónìí lè kúrò lọ́la tí àdéhùn bá ti parí. Ti àwọn fíìmù aláìlóhùn tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwádìí tí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 fi hàn pé nínú àwọn fíìmù gígùn tí orílẹ̀-èdè náà ṣe nígbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló kù bí wọ́n ṣe gbé e jáde gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wọn rí, kó máa tọ ipasẹ̀ àwọn tó ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe. Il Cinema Ritrovato, àjọ̀dún fíìmù àtijọ́, ń wáyé ní Bologna ní Ítálì láti 1986, ètò tí Martin Scorsese, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 2007 ló sì tún Touki Bouki ti Djibril Diop Mambéty, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe. Orúkọ tí wọ́n sọ fíìmù lédè tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá a, torí orúkọ òkèèrè máa ń yí padà: Outback ni wọ́n pe Wake in Fright ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. A Brighter Summer Day tí Edward Yang ṣe ní Taiwan lọ́dún 1991 ní ẹ̀dà kan tó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò bá sún mọ́ ìṣẹ́jú 237, wọ́n ti gé e.