Gúúsù Áfíríkà kò dárí ji gbogbo apànìyàn

Bí ọ̀rọ̀ ìwà ìkà tí ìjọba hù bá ti délẹ̀ báyìí, ẹnì kan á tún gbẹ́nu lé e: “Ẹ ṣe bíi ti Mandela àti Tutu. Wọ́n dárí ji gbogbo apànìyàn ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀rọ̀ sì parí.” Irọ́ ni, ó sì ti sú ni.

Òfin Nọ́ńbà 34 ti ọdún 1995, tó gbé Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà kalẹ̀ láti wádìí ìwà ìkà ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà (Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ló darí rẹ̀), kò fún ẹnikẹ́ni ní àforíjì ọ̀fẹ́, ìyẹn pé wọn kò ní pè é lẹ́jọ́ mọ́. Ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé béèrè, á sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1960 sí ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1994. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tìtorí òṣèlú, kì í ṣe owó tàbí ìkùnsínú. Ọ̀daràn náà sì gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tó mọ̀ síta. Bó bá jẹ́ ìpànìyàn, ìta gbangba ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, agbẹjọ́rò ẹbí òkú á sì da ìbéèrè bò ó. Òfin kò béèrè ẹkún tàbí “ẹ jọ̀ọ́” rárá.

Àwọn tó béèrè lé ní 7,000. Àwọn tó rí i gbà kò tó 1,200. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún ló jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí ọ̀ràn wọn kò kan òṣèlú, àmọ́ ẹ wo ẹjọ́ Steve Biko, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó kú sí àtìmọ́lé lọ́dún 1977. Àwọn ọlọ́pàá tó wá béèrè àforíjì ní ìjà ló bẹ́ sílẹ̀, tó fi forí gbá ògiri. Lọ́dún 1999 ìgbìmọ̀ kọ̀ fún wọn: ẹni tó ní òun kò ṣẹ̀, àforíjì kí ló ń wá? Lọ́dún náà kan náà ni wọ́n kọ̀ fún Janusz Walus àti Clive Derby-Lewis, tó pa Chris Hani, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá wọ́ nìyí. Ìgbìmọ̀ kó nǹkan bí 300 ẹjọ́ fún agbẹjọ́rò ìjọba pé kí wọ́n pe àwọn èèyàn náà lẹ́jọ́, àmọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba jókòó lé e. Ọlọ́pàá mẹ́fà tí wọ́n kọ̀ fún lórí ikú àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ń ta ko ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà nílùú Cradock, tí wọ́n pa lọ́dún 1985, kò fojú balé ẹjọ́ lórí rẹ̀ títí wọ́n fi kú tán. Ọdún 2025 ni Ààrẹ Ramaphosa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ mìíràn dìde láti wádìí ẹni tó dí àwọn ẹjọ́ náà lọ́wọ́.

Owó gbà-má-bìínú tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ ní kí ìjọba máa san lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà fún àwọn tí wọ́n hùwà ìkà sí ńkọ́? 30,000 rand (owó Gúúsù Áfíríkà) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2003.