Mímí kíkankíkan kì í kó afẹ́fẹ́ pamọ́ síni lára

Àwọn ọmọ tó dàgbà nítòsí Odò Àsà mọ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa: kí o tó mòòkùn, mí kíkan, mí sínú, mí síta, títí ojú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yí ọ. Wọ́n ní ìgbà náà ni ara á ti kó afẹ́fẹ́ jọ, tí wàá fi pẹ́ lábẹ́ omi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ. Ẹ̀kọ́ náà ti kúrò létí odò báyìí. Ó ti wọ púùlù àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìgboro Ìlọrin, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ta owó sí i pé ta ló máa lọ, tó máa bọ̀, láìgbé orí síta. Fóònù wá tún gbé ẹ̀ka tirẹ̀ dé: fídíò àwọn òyìnbó tó jókòó sínú yìnyín, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, pẹ̀lú àkọlé pé ọ̀nà nìyí láti fi ọ́síjìn kún ara bámúbámú.

Irọ́ ni, ó sì ń pa òmùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ igi, tí kò tilẹ̀ rántí pé òun ń mí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó 95 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà lè gbé. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi há ọmọ ìka aláìsàn ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn lè ní kí wọ́n kà á fún òun. Ààyè tó kù láti kún kò tó nǹkan. Bí ènìyàn mí kíkan títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ríbi kó èyí tó ń wá sí.

Nǹkan mìíràn ni mímí kíkan ń lé jáde: carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń sọ nù nígbà tí a bá mí síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìdọ̀tí lásán. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ara fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti mí. Àwọn onímọ̀ méjì ní Oxford, Haldane àti Priestley, ló fi í hàn lọ́dún 1905 pé bí carbon dioxide bá ṣe ń pọ̀ sí i lára ni èémí ń le sí i. Àìtó ọ́síjìn kì í tètè kan ọpọlọ lára; ó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀ kí ó tó rí i.

Gbogbo ẹni tó bá ti sé èémí rí mọ bó ṣe máa ń ṣeni. Àyà á há, ikùn á máa fò, ọ̀fun á fẹ́ là tipátipá. Carbon dioxide ló ń fa gbogbo ìyẹn. Tí a bá ti fi mímí kíkan lé e lọ ká tó wọ omi, ìnira náà á pẹ́ kó tó dé, ẹni tó mòòkùn á sì máa rò pé agbára ni òun ní. Ọ́síjìn ní tirẹ̀ ń tán lọ bó ṣe máa ń tán. Ó dà bí onílé tó fún mẹ́gàádì rẹ̀ lóògùn oorun, tó wá ń yọ̀ pé òru òní dákẹ́ rọ́rọ́. Kí carbon dioxide tó pọ̀ débi tí yóò kìlọ̀, ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ débi tí ọpọlọ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Onítọ̀hún á dákú lábẹ́ omi, láìjà, láìpariwo. Tó bá yá, ara á mí fúnra rẹ̀, omi ló sì máa fà. Àwọn tó dúró létí púùlù á ṣì máa ka ìṣẹ́jú fún un, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1961 ni Albert Craig, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ nípa àwọn tó dákú nígbà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi. Wọ́n ti mí kíkan kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ń lo ara lábẹ́ omi, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n fẹ́ dé dandan. Ẹ kíyè sí irú ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ò ní dán an wò. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ti rí i tipẹ́.

Omi náà kò sì nílò kó jìn. Èyí tó mu ni dé àyà ti tó. Jíjìn kàn ní ewu tirẹ̀ ni. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, ìtẹ̀ tó wà lára ènìyàn ti di ìlọ́po méjì ti òkè, ìtẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ìwọ̀nba ọ́síjìn tó ṣẹ́kù ṣì máa wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń gòkè bọ̀, ìtẹ̀ ń dín kù, ọ́síjìn já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè dákú nígbà tó ku díẹ̀ kó yọ orí.

Àwọn kan á ní, ojú tó ń yí wọn yẹn ńkọ́, ètè tó ń kú, ọmọ ìka tó ń ro? Wọ́n ní agbára ló ń wọlé. Rárá o. Bí carbon dioxide bá lọ sílẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ máa ń fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tó ń lépa ọ́síjìn ti wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín èyí tó ń dé ọpọlọ kù. Lórí ẹní nínú yàrá, kò ju pé kó dùbúlẹ̀, kó mí bó ṣe máa ń mí, ara á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní wárápá má dán an wò níbi kankan. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ wò nílé ìwòsàn, àwọn dókítà a máa ní kí aláìsàn mí kíkan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí pé ó lè fa gìrì náà jáde lójú wọn.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Wim Hof, ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Mi ò ní bú u. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Radboud tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fún àwọn tí ara wọn le ní abẹ́rẹ́ májèlé tí wọ́n yọ lára bakitéríà. Méjìlá ti kọ́ mímí àti òtútù yìí, méjìlá kò kọ́ ọ. Ara ríro àti èébì kò pọ̀ lára àwọn tó kọ́ ọ tó ti àwọn yòókù. Àbájáde gidi ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn 24 tí kò ṣàìsàn ni, wákàtí díẹ̀ ni, láti ibẹ̀ sì dé orí “ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo jẹjẹrẹ”, ó jìn ju Ìlọrin sí Sókótó lọ. Hof fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mí bẹ́ẹ̀ nínú omi tàbí nídìí ọkọ̀. Ìkìlọ̀ yẹn kì í bá fídíò dé orí WhatsApp wa.

Omi tútù ńkọ́? Níbí, ìjà ti wà nílẹ̀ kí fóònù tó dé. “Ẹ má fi omi tútù wẹ ọmọ yẹn o, òtútù àyà á mú un.” Bí ẹ bá fi omi tútù wẹ ọmọ níṣojú ìyá àgbà ní Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán, ẹ ti gbọ́ ọ. Kòkòrò àrùn ló ń fa òtútù àyà. Kì í ti inú korobá wá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń gbógun ti èyí tó le jù nínú kòkòrò náà wà nínú àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, èéfín igi ìdáná sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́ ju omi ìwẹ̀ lọ. Kìkì ọmọ tuntun ni mo gbà fún ìyá àgbà: ara rẹ̀ kò lè mú ooru dúró, kódà ó dára kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́ rárá títí wákàtí 24 á fi pé.

Ní ti àgbàlagbà, àǹfààní díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde lọ́dún 2016, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó kópa. Àwọn kan ń fi omi tútù parí ìwẹ̀ wọn fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 90 lójoojúmọ́ fún oṣù kan. Pípa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn fi 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn. Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ ìyókù: iye ọjọ́ tí wọ́n fi ṣàìsàn kò dín kù. Wọ́n ṣàìsàn bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n kàn lọ síbi iṣẹ́ ni. Kì í ṣe irú ìyẹn ni wọ́n ń fi WhatsApp pín. Pé omi tútù ń jí ojú, pé ó ń tú ọkàn ká, òótọ́ ni, nítorí ara máa ń tú omi ìdágìrì rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti ṣe àlùwàlá Súbúùhì nígbà ọyẹ́ kò nílò olùwádìí láti sọ ìyẹn fún un.

Omi tiwa pàápàá kò tutù tó bí wọ́n ṣe rò. Omi inú ilẹ̀ máa ń sún mọ́ ìpíndọ́gba ooru ọdún, tí kò jìnnà sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní àdúgbò wa. Ìgbà tí omi bá lọ sísàlẹ̀ 25 ni ìdágìrì òtútù ń bẹ̀rẹ̀, láàárín 10 sí 15 ló sì le jù. Nítorí náà, omi kànga lásán kì í sábà fa ìdágìrì yẹn. Ẹni tó ra yìnyín dà sínú dúrọ́ọ̀mù kó tó bọ́ sí i ló ń wá a lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí òtútù bá bá awọ lójijì, ènìyàn á já èémí ńlá kan láìròtẹ́lẹ̀, á wá máa mí gúlegúle, kò sì ní lè dá a dúró. Mike Tipton ti yunifásítì Portsmouth ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí èyí: ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló burú jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí orí bá wà lábẹ́ omi nígbà tí èémí yẹn já, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá lọ sí ìṣàn omi Òwù ní Ìfẹ́lódùn lákòókò ọyẹ́, kó rọra wọ omi tẹsẹ̀tẹsẹ̀, kó má bẹ́ sí i láti orí àpáta.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há síbẹ̀, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Omi tútù wà lára ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n yẹra fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń jìyà lásìkò ọyẹ́. Kí ọ̀rẹ́ kankan má fi fídíò ẹlòmíràn gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyànjú. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà ńkọ́? Òtútù ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀. Kí oníkọ́ fée náà ṣọ́ra, òtútù lè jí ikọ́ náà.

Àwọn tó bá ní ẹ̀sìn ló sọ pé ká fara da òtútù, kí wọ́n rántí Amru bin Al-Aas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì Muhammad. Ó nílò ìwẹ̀ ọ̀ranyàn ní òru òtútù kan lójú ogun, ó bẹ̀rù pé omi lè pa òun, ó ṣe táyámọ́mù, ìyẹn ìmọ́ra tí a ń fi erùpẹ̀ ṣe dípò omi, ó sì darí ìrun. Nígbà tí Ànábì gbọ́ àlàyé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò bá a wí.

Mímí tó ń ṣeni láǹfààní tilẹ̀ wà, kò sì ní fídíò tó dùn wò: mímí jẹ́jẹ́ lórí ìjókòó, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan dípò 12 sí 20 tí àgbàlagbà máa ń mí. Ó ń rọ àyà, ó sì lè dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀. Kì í ṣe ìdí láti pa oògùn tì.

Bí ẹnì kan bá dákú sínú omi lójú yín, ẹ má bẹ́ sínú omi bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ na igi, ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ẹ ké pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi jáde, nítorí èébì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Bí kò bá mí, ẹ dí imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún; èémí tó ń jáde lẹ́nu yín ṣì ní ọ́síjìn bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tó o. Bí kò bá tíì mí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ 30, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń pe 112. Bó tilẹ̀ jí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní kò sí nǹkan, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.