Wáàsí lórí ayé ò ní kí o ti ṣọ́ọ̀bù rẹ

Níbi fìdáù kan ní Kábbà, arákùnrin kan tún ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ pé Mùsùlùmí tó bẹ̀rù Ọlọ́hun kì í wá owó ju ti oúnjẹ òòjọ́ lọ. Ó ní ṣebí àwọn àáfà ń wàásù pé òkú ẹran ni ayé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká wo òkú ẹran ọ̀hún dáadáa. Ó wà nínú hádíìsì, ìtàn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Imam Muslim gbà wá. Ànábì ń gba inú ọjà kọjá, ó rí òkú ọmọ ewúrẹ́ kan tí etí rẹ̀ kéré. Ó dì í létí mú, ó ní, ta ni yóò rà á ní dírhámù kan? Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe? Ó ní, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní bó bá wà láàyè pàápàá, alábùkù ni, áńbọ̀sìbọ́sí pé ó ti kú. Ìgbà náà ló tó búra pé ayé yẹpẹrẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ju bí òkú yìí ti yẹpẹrẹ lójú yín lọ.

Ẹ rí bó ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Ó béèrè, ó jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dá iye lé e, ó já owó rẹ̀ wálẹ̀ dé ọ̀fẹ́, kó tó sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ló fi bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkàn ló ń bá wí. Nígbà tí Sa'd bin Abi Waqqas, ọ̀kan lára àwọn Sàhábà (àwọn ẹmẹ̀wà Ànábì), ń ṣàìsàn, tó fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ ṣe sàráà, Ànábì yìí kan náà kọ̀ fún un. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó, ó tilẹ̀ pọ̀. Kó fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ ní ọlọ́rọ̀ sàn ju kí wọ́n máa ṣagbe lọ.

Àáfà ni bàbá mi, ní Ọwọ́rọ̀. Tó bá ń wàásù lórí bí àwọn ọba àti olówó ayé àtijọ́ ti lọ, tó ní, "Fir'áónà dà? Kárúnà dà?", ẹkún ni àwọn àgbà ń sun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti wà ní oko kajú rẹ̀. Owó kajú yẹn ló fi rán wa ní sukúù.

Wọ́n á ní àwọn ẹni ìṣáájú wọ aṣọ alábùlẹ̀. Kò burú. Sàhábà tó jẹ́ oníṣòwò ńlá ni Uthman àti Abdur-Rahman bin Awf, wọ́n sì wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú Àlùjánnà. Mo gbà pé Abu Dharr, Sàhábà lòun náà, le gan-an lórí kíkó owó jọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Sàhábà ò bá a dé ibẹ̀. Súrà Jumu'ah (62), áyà 10, sì ní tí ìrun bá ti parí, kí a túká sórí ilẹ̀, kí a máa wá nínú oore Ọlọ́hun.