Ọwọ́ Òsì Ni Adùn Orin Yẹn Wà

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tí kò bá bá lára mu kó má bínú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ sònátà (orin tí ohun èlò nìkan ń kọ) tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ K. 141, èyí tí Domenico Scarlatti kọ fún dùùrù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ayé ń wò: ìka ń gbapò ara wọn lórí nóòtì (ohùn) kan ṣoṣo, tà-tà-tà-tà-tà-tà, àtẹ́wọ́ á sì ya. Ó dùn-ún wò, mi ò jiyàn. Àmọ́ ta ló ń gbọ́ ọwọ́ òsì?

Ọwọ́ òsì lọ̀rọ̀ wà. Lórí ohùn tí wọ́n ń pè ní D minor lorin náà dúró, àmọ́ àwọn kọ́ọ̀dù (nóòtì mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀) tí ọwọ́ òsì ń já lulẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí tíṣà ń kọ́ni. Nóòtì tí ẹnikẹ́ni kò pè há sáàárín wọn, méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ á máa bára wọn fa wàhálà. Gìtá àwọn ará Sípéènì ló ń sín jẹ! Naples ní Ítálì ni wọ́n bí Scarlatti sí ní 1685, ọdún kan náà tí wọ́n bí Bach àti Handel, àwọn gbajúmọ̀ olórin. Ó lọ kọ́ ọmọ ọba Portugal, Maria Barbara, ní dùùrù ní Lisbon. Nígbà tí ọmọ náà lọ sílé ọkọ ní Sípéènì ní 1729, ó tẹ̀ lé e, Madrid ló sì kú sí ní 1757. Etí rẹ̀ kò di sí gìtá wọn ní gbogbo ọdún yẹn.

Ẹ tún wo dùùrù tó ń lò. Harpsichord kì í fi òòlù lu okùn bíi ti piano. Tí o bá tẹ kíì, igi pẹlẹbẹ kan á dìde nínú rẹ̀, ẹnu ìyẹ́ ẹyẹ tó wà lára igi náà á já okùn, pàá! Bí o fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, bí o rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló máa dún. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo lórí rẹ̀, àfi kó kó nóòtì jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Scarlatti ṣe nìyẹn. Àwọn onípiano wa wá ń fi ọwọ́ òsì rẹlẹ̀ kí ọ̀tún lè tàn.

Wọn ò tiẹ̀ burú tó Alessandro Longo, onípiano ará Ítálì. Nígbà tó ń tẹ àwọn sònátà yìí jáde láti 1906, ó rò pé àṣìṣe ni díẹ̀ nínú àwọn nóòtì kíkan yẹn, ó bá ń tún wọn ṣe. Ẹ gbà mí! Bí ẹni yọ irú kúrò nínú ọbẹ̀ torí pé ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀ Scarlatti fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ síwájú ìwé 30 sònátà tó gbé jáde ní 1738 pé kí òǹkàwé má retí ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́, eré ọlọ́gbọ́n ni kó retí.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa wọ́lẹ̀ o. Onípiano Martha Argerich ń sáré bí iná ọyẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ń bunijẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dùùrù nílé, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ má yọ nóòtì kankan, kí ẹ tó pe ọ̀tún sí i.