Ṣé lóòótọ́ ni eré ìdárayá ìrọ̀lẹ́ máa ń lé oorun lọ?

Ìkìlọ̀ kan ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tipẹ́, a sì máa ń bá a nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tí kì í rí oorun sùn: wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe eré ìdárayá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná, tí ọkàn sì ń yára lù nínú rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ojú pa dé. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí ní kí àwọn ènìyàn ṣe eré ìdárayá ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì so ẹ̀rọ mọ́ wọn lórí láti mọ bí wọ́n ṣe sùn, ohun tí wọ́n rí yàtọ̀.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní ETH Zurich, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní orílẹ̀-èdè Switzerland, kó àbájáde ìwádìí 23 pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé eré ìdárayá tí ènìyàn ṣe láàárín wákàtí 4 tó ṣáájú àkókò oorun kò ba oorun jẹ́. Kódà, ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, oorun àsùnwọra kó ìdá 21.2 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí wọ́n fi sùn, nígbà tó jẹ́ ìdá 19.9 ní alẹ́ ọjọ́ tí wọn kò ṣe é. Ìyàtọ̀ náà kéré, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó torí rẹ̀ máa sáré lálẹ́ bí ẹni ń lo oògùn oorun. Ohun tí mo kàn ń tọ́ka sí ni pé ibi tí ìkìlọ̀ náà ní kí á máa retí àdánù, èrè díẹ̀ la bá níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí ìṣòro ni ti eré tó gba agbára gan-an, tó sì parí nígbà tó ku wákàtí kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ kí onítọ̀hún lọ sùn: irú èyí lè mú kí oorun pẹ́ kó tó dé, kí ó sì kúrú.

Ibi tí èrò náà ti ṣìnà kò jìnnà. Òótọ́ ni pé ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó lè gbé ènìyàn lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ooru inú ara a sì máa gba ibẹ̀ jáde. Òótọ́ náà sì ni pé eré ìdárayá máa ń mú ara gbóná. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti kà mọ́ ọn ni pé ara kì í gbóná títí: bí ènìyàn bá ti sinmi, òógùn àti ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ awọ ara á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ooru náà jáde, nígbà tó bá sì fi máa tó bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ara ti ń padà sí bó ṣe wà. Ọkàn ló máa ń pẹ́ jù ú lọ, nítorí pé lẹ́yìn eré tó le gan-an, ó lè máa yára lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún wákàtí bíi mélòó kan.

Kí n má baà fi ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni dù ú, ẹ̀rí kan wà tó gbè sẹ́yìn ìkìlọ̀ náà. Ní ọdún 2025, àwọn olùwádìí Yunifásítì Monash ní Australia yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn 14,689 wọ̀ sára wò, èyí tí gbogbo alẹ́ tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4. Bí eré náà bá ṣe le tó, tí ó sì sún mọ́ àkókò oorun tó, bẹ́ẹ̀ ni oorun ṣe ń pẹ́ dé, tí ó sì ń kúrú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa ìwé náà dé. Ìwádìí kan náà ló sọ pé eré tó bá parí ní wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oorun tó dé kò mú ìyípadà wá, bó ti wù kó le tó. Yàtọ̀ sí èyí, àkọsílẹ̀ ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe àdánwò, kò sì lè fi dá wa lójú bóyá eré náà ló fa àìsùn tàbí ohun mìíràn tó ń bá a rìn.

Ohun tó ń bá a rìn yìí gan-an ló sì yẹ kí á fura sí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé mílígíráàmù 400 kaféìnì, èròjà inú kọfí tó máa ń lé oorun lọ, tí ènìyàn lò ní wákàtí 6 kó tó lọ sùn, dín oorun rẹ̀ kù ju wákàtí kan lọ. Bí ẹni tó mu irú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó lè rí agbára gbé irin bá ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn di ọ̀gànjọ́, irin kọ́ ló yẹ kó dá lẹ́bi.

Ẹni tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé kò ní àkókò mìíràn. Bí wọ́n bá ní kó má ṣe eré ìdárayá nígbà náà, kò ní ṣe é rárá ni, bẹ́ẹ̀ eré ìdárayá déédéé wà lára ohun tó ń mú oorun dára sí i. Bó bá parí ní aago 7, tó sì ń sùn ní aago 11, wákàtí 4 gbáko ló wà láàárín, ó sì lè ṣe èyí tó le bó bá ṣe wù ú. Bó bá jẹ́ aago 9 ni, kí ó dín agbára tó ń lò kù díẹ̀, kí ó sì kíyè sí oorun rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ara ò rí bákan náà. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti kọjá aago 10 kó tó ráyè, ìrìn jẹ́jẹ́ tàbí nínà ara ló kù fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.